Ẹ Wo Káàdì Àjọ Kí Ẹ Tó Ṣí Láàpútọ́ọ̀pù: Bí A Ṣe Ń Gbèrò Áàpù Kí A Tó Kọ Kóòdù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ kóòdù tí mo tún fọwọ́ ara mi pa rẹ́. Ìyá Alájọ kan ní ọjà Òkè-Àjé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló ní kí n bá òun ṣe áàpù tí òun á máa fi gba àjọ. Bí mo ti gbọ́ "àjọ" báyìí, mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ṣebí ìyá tèmi náà dá a, èmi ni wọ́n sì máa ń rán láti lọ gbé owó fún alájọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo tilẹ̀kùn mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ. Mo ṣe ojú fóònù aláwọ̀ ewé tó ń dán, mo ṣe kàlẹ́ńdà tó ń pa oṣù dé fúnra rẹ̀: bí oṣù bá ti parí, á ṣírò owó oníbàárà, á yọ ti alájọ kúrò, á ṣí oṣù tuntun. Inú mi dùn sí i. Nígbà tí mo gbé e dé ìsọ̀ Màmá, wọn ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí rẹ̀. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé oṣù ló ń parí? Káàdì ló ń parí."

Káàdì àjọ ní ojú 31, bí ojú ọpọ́n ayò. Ojú kan, ìdáwó kan ni. Kò kan ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà. Aláta tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù yìí á máa kún ojú rẹ̀ lọ títí á fi dé ojú 31, ìgbà yòówù tó bá bọ́ sí. Ẹni tí àìsàn dá dúró ní ọjọ́ mẹ́rin á padà wá bá ojú tó kàn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ yá lónìí lè dá ojú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ojú kìn-ín-ní ni owó iṣẹ́ alájọ. Kóòdù mi ò ní àṣìṣe kankan o. Ó ń ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Ohun tí mo ní kó ṣe ni ẹnikẹ́ni ò ṣe lọ́jà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ọ̀nà iṣẹ́ mi padà. Áàpù àjọ yìí náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ń ṣe ti ilé ìwòsàn, ti ṣọ́ọ̀bù tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè mú un bá tirẹ̀ mu.

Ẹ lọ síbi iṣẹ́, ẹ má gbé láàpútọ́ọ̀pù dání

Ìwé kékeré àti bírò ti tó. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó máa lo áàpù náà kí ẹ bá a rìn fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ má bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ kí áàpù yìí máa ṣe?" Bí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀, ohun tó rí lórí fóònù ọmọ rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rí ni kí ẹ bi í. Èmi bi Màmá pé: "Ẹ̀yin àti oníbàárà wo lẹ jọ ní gbólóhùn asọ̀ gbẹ̀yìn nítorí owó? Báwo lẹ ṣe yanjú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi káàdì tó tíì dà rú jù hàn mí."

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ohun tí mo gbọ́ lọ. Ọwọ́ òsì ni Màmá fi ń di káàdì mú, báàgì owó wà ní àyà, bírò wà lábẹ́ gèlè. Ọwọ́ méjèèjì kì í ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà rárá. Àtàǹpàkò ọwọ́ kan ló gbọ́dọ̀ lè tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ìyẹn ni pé gbogbo bọ́tìnnì tí mo tò sókè pátápátá lórí fóònù ò wúlò. Oòrùn mú débi pé àwọ̀ ewé tí mo fi ń ṣakọ ò hàn rárá. Lábẹ́ páànù àwọn ìsọ̀ tó wà láàárín ọjà, nẹ́tíwọ̀kì a máa lọ, a máa bọ̀, bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tí wáyà rẹ̀ ti fẹ́ já.

Èyí tó dá mi dúró jù ni ti oníṣu kan. Káàdì méjì ló ní. Ọ̀kan fún ọjà, ìkejì fún owó ilé-ìwé ọmọ, ọkọ rẹ̀ ò sì mọ̀ nípa ìkejì. Mo ti ń gbèrò pé áàpù á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà lálaalẹ́ pé "owó yín ti di iye báyìí." Fóònù tí obìnrin yìí fún alájọ, ọkọ rẹ̀ ló máa ń gbé e lálẹ́. Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ nílé onílé nítorí ohun tí mo rò pé iṣẹ́ rere ni! Mo fa igi lé àtẹ̀jíṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ níbẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé bí orí alájọ Ṣómólú, ẹni tó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láì kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí ni bàbá náà, láti Ìsonyìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni èmi náà, àmọ́ irú orí bẹ́ẹ̀ ò kàn mí. Ohun tí n kò bá kọ lọ́jà, mo ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó dé ilé.

Ìwé tí wọ́n ń lò ni ẹ máa kọ́kọ́ kà

Ẹ tọrọ ìwé tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Àmì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀, òfin ni. Nínú ìwé Ìyá Alájọ, mo rí àwọn òrùka kéékèèké tí wọ́n fi yí ojú káàdì ká, mo rí ìlà abẹ́ orúkọ, mo rí bírò pupa níbì kan. Mo fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Èyí ńkọ́, Mà?" Òrùka ni pé oníbàárà ti kó owó kí káàdì tó kún. Ìlà abẹ́ orúkọ ni pé káàdì náà ti ń pẹ́ jù. Bírò pupa? Bírò búlúù ló tán lọ́jọ́ yẹn. Bí mi ò bá béèrè ni, ǹ bá ti lọ kọ́ odidi nǹkan kan sórí bírò pupa.

Mo tún ṣàkíyèsí pé Màmá kì í pa nǹkan rẹ́. Bí wọ́n bá ṣi ojú sàmì sí, wọ́n á fa igi lé e, wọ́n á wá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i pé àṣìṣe wà níbẹ̀ rí. Nítorí kí wọ́n má bàa pè wọ́n lólè ni. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, á tún yọjú níwájú.

Ojú ìwé kan ṣoṣo

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ kọ ohun mẹ́rin sójú ìwé kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ: ta ló máa lò ó, kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu lónìí, báwo la ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, àti kí ni áàpù náà ò ní ṣe. Tèmi lọ báyìí:

"Alájọ kan ló máa lò ó, lórí fóònù kan. Ìdààmú rẹ̀ ni pé ìṣírò alẹ́ ń gba àkókò, bí ìwé bá sì sọnù, gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Iṣẹ́ parí nígbà tí alájọ bá lè gba owó ní ọjọ́ kan láti àárọ̀ dé alẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì, tí iye tí áàpù pè sì bá owó inú báàgì mu. Kò sí owó yíyá. Kò sí èlé. Kò sí fífi owó ránṣẹ́ sí báńkì. Kò sí áàpù fún oníbàárà."

Ìlà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbà mí sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ Màmá dé láti Èkó tó ní, "Bọ̀dá, ẹ kúkú fi owó yíyá kún un." Mo yọ ìwé náà jáde, a jọ kà á, Màmá fúnra wọn ló ní kó fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni iṣẹ́ gbọ́ ọ, kó sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ síwájú.

Ìtàn ọjọ́ kan, pẹ̀lú iye owó gidi

Ibí yìí ni mo ti máa ń lo àkókò jù, n kì í sì í kánjú. Ẹ kọ ìtàn bí ẹnì kan ṣe lo áàpù náà, ẹ sọ iye owó, ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀ lórí ìwé. "Oníbàárà lè kó owó kí káàdì tó kún" ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ kọ kóòdù. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Oníṣu ń dá ₦500 lójú kan. Káàdì rẹ̀ kún: 31 × 500 jẹ́ ₦15,500. Ti alájọ jẹ́ ₦500, ó kó ₦15,000. Ní káàdì tó tẹ̀lé e, ó dé ojú 12, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ó fẹ́ kó owó. 12 × 500 jẹ́ ₦6,000. Ti alájọ kúrò, ó ku ₦5,500. Káàdì náà ti padé nìyẹn, ojú 19 tó kù ò ní kún mọ́, tuntun ló máa gbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó ti ìtàn náà, kí ẹ máa da "ńkọ́" bò ó. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ti dá kó tó wá kó owó ńkọ́? (Kò sí nǹkan kan fún un, ti alájọ lọ.) Bó bá fẹ́ yí ₦500 padà sí ₦1,000 láàárín káàdì ńkọ́? (Kò ṣeé ṣe; kó gba káàdì mìíràn.) Bí ọmọ rẹ̀ bá wá gbowó fún un ńkọ́? Bí alájọ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì nítorí fóònù ń fà ńkọ́? Bí fóònù bá já sínú gọ́tà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ńkọ́, nígbà tí gbogbo ọjà máa ń wá kó owó lẹ́ẹ̀kan náà torí àgbò, àti torí aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá? Mo bi Màmá pé bí oníbàárà bá kú ńkọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá yí káàdì kan padà, wọ́n fi orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ hàn mí: ẹni tó máa kó o nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ káàdì àjọ, n kò yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí.

"Ńkọ́" mẹ́tàlélógún ni mo kọ. Mẹ́sàn-án péré ni mo lè dáhùn fúnra mi.

Láti inú ìtàn bọ́ sínú àtẹ

Ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ inú ìtàn yín, kí ẹ sì fi òrùka yí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ká. Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń padà wá ni yóò di àtẹ nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí áàpù ń kó ìmọ̀ pamọ́ sí. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ni iṣẹ́ tí kóòdù máa ṣe. Èrò pé ká to ìmọ̀ sínú àtẹ, kí àtẹ kan sì máa tọ́ka sí òmíràn, ọ̀dọ̀ Edgar Codd ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ló ti wá ní ọdún 1970. Peter Chen ló sì ṣe ọ̀nà tí a fi ń yà á ní àwòrán, ní ọdún 1976. Àgbà ọgbọ́n ni, kò sì tíì gbó.

Tèmi di àtẹ mẹ́rin: oníbàárà, káàdì, ìdáwó, ìsanwó. Oníbàárà kan lè ní káàdì púpọ̀ (ẹ rántí oníṣu). Káàdì kan ní iye owó ojú kan, ọjọ́ tó ṣí àti ọjọ́ tó padé. Ìdáwó kan jẹ́ ti káàdì kan, ó sì sọ ojú mélòó ni. Ìsanwó náà bẹ́ẹ̀.

Ibo wá ni "iye owó tó wà lọ́wọ́ alájọ" máa wà? N kò kọ ọ́ síbì kankan. Ìdáwó ni ẹ máa kà, kí ẹ yọ ìsanwó kúrò. Bí ẹ bá kọ iye náà síbì kan lọ́tọ̀, ọjọ́ kan á dé tí ìyẹn àti ìdáwó ò ní bára mu, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ń parọ́. Ohun tí Màmá ń ṣe pẹ̀lú bírò ni mo sì mú wọ inú àtẹ: kò sí pípa rẹ́. Bí ìdáwó kan bá ṣì, ẹ kọ òmíràn tó fagi lé e, kí méjèèjì wà níbẹ̀.

Nǹkan méjì míì tó yẹ kí ẹ pinnu nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé, torí pé ó le láti tún ṣe bó bá yá. Àkọ́kọ́, ẹ fi owó pamọ́ ní kọ́bọ̀, ní odidi nọ́ńbà, ẹ má ṣe lo nọ́ńbà tó ní ojú-àmì láàárín, irú bíi 0.5. Bí ẹ bá ní kí JavaScript tàbí Python, àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ló máa fún yín. Ẹ má fi irú ìyẹn lé owó aláta lórí. Èkejì, kí ìdáwó kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tirẹ̀ lórí fóònù, nígbà tí alájọ tẹ bọ́tìnnì gan-an, kí sáfà (kọ̀ǹpútà tí fóònù ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí) tó gbọ́ nípa rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já tí fóònù tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sáfà á rí i pé nọ́ńbà kan náà ni, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kà á.

Nípa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn: òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ti wà, ó sì kan ẹni tó ń ṣe áàpù kékeré. Ohun tí ìtàn yín ò bá lò, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní àyè fún ọjọ́ ìbí nínú àtẹ mi tẹ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo yọ ọ́.

Áàpù tí a fi páálí ṣe

Ẹ gé páálí sí ìwọ̀n fóònù, ẹ fi bírò ya bọ́tìnnì sí i, ojú fóònù kan fún páálí kan. Ẹ gbé e fún ẹni tó máa lò ó, kó máa fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ni kọ̀ǹpútà, ẹ máa pààrọ̀ páálí bó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa ẹnu mọ́. Ìṣòro wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró.

Ọwọ́ Màmá dúró níbi ojú tí mo to orúkọ sí ní A, B, D. Wọ́n ń wá aláṣọ-òkè kan, wọn ò rí i. "Èmi ò mọ orúkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí, "ẹ̀gbẹ́ onílẹ̀kẹ̀ ló wà." Ìsọ̀ sí ìsọ̀ ni wọ́n ń rìn lójoojúmọ́, ọ̀nà kan náà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Mo mú páálí, mo tún un tò bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nínú kóòdù, ó lè gba ọjọ́ méjì, pẹ̀lú ìbínú.

Ohun tó lè pa iṣẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú

Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ wá ohun kan tó jẹ́ pé bí kò bá ṣeé ṣe, kò sí áàpù mọ́. Tèmi ni ìgbàsílẹ̀ láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Mo fi ọjọ́ méjì kọ kóòdù játijàti kan, bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ ní ogójì ìgbà, mo tún un tan kí n lè wò ó bóyá ogójì ló máa dé sáfà. Mọ́kànlélógójì dé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nọ́ńbà orí fóònù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe àṣejù. Lẹ́yìn náà, mo pa kóòdù náà rẹ́. Kóòdù ìdánwò tí ẹ bá fi sílẹ̀ á wọ inú áàpù gidi, á sì di gbèsè.

Kí ló ṣáájú, ọjọ́ mélòó sì ni

Ẹ pín iṣẹ́ sí ohun tó gbọ́dọ̀ wà, ohun tó yẹ kó wà, ohun tó bá dára kó wà, àti ohun tí kò ní sí lọ́tẹ̀ yìí. N kì í jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ju ìdajì lọ. Láti inú rẹ̀, ẹ mú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ṣí káàdì, dá ojú kan, kó owó. Kó burẹ́wà, ṣùgbọ́n kó já.

Fún iye ọjọ́, ẹ má sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan tó ti ọ̀dọ̀ ológun ojú omi Amẹ́ríkà jáde ní ọdún 1958 ní kí ẹ mú mẹ́ta: bó bá dára jù, bó ṣe sábà máa ń rí, bó bá burú jù. Ẹ fi 4 sọ èyí tó wà láàárín di púpọ̀, ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ fi 6 pín in. Fún kíkó owó, mo ní ọjọ́ 2, ọjọ́ 4, ọjọ́ 12. 2 + 16 + 12 jẹ́ 30. Pín in sí 6, ó di ọjọ́ 5. Ká ní ẹ bi mí láì ṣírò, ǹ bá ti ní ọjọ́ mẹ́ta.

Màmá fẹ́ lò ó kí Iléyá tó dé. Ẹnikẹ́ni ò lè sún Iléyá síwájú nítorí kóòdù. Bí ọjọ́ ò bá ti ṣeé sún, iṣẹ́ ni ẹ máa dín. Mo gé àwòrán oníbàárà kúrò, mo gé ìròyìn oṣooṣù kúrò, mo jẹ́ kí kíkó owó wà níbẹ̀ torí pé òun gan-an ni ọ̀sẹ̀ yẹn ń fẹ́.

Ìgbà wo ni ètò tó?

Ètò náà lè di ọ̀nà láti sá fún iṣẹ́. Òṣùwọ̀n tèmi rèé: bí mo bá mú ìtàn kan gba inú àtẹ àti páálí kọjá lọ́wọ́, tí "ńkọ́" tuntun kan ò jáde, ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, mo ti parí. Fún iṣẹ́ yìí, ọjọ́ mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀ gbà, ìrìn ọjà ti wà nínú rẹ̀. Ẹ fi fáìlì kan sílẹ̀ fún ìpinnu, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí rẹ̀: "Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ lálẹ́, nítorí fóònù kì í ṣe ti oníbàárà nìkan." Bó bá di oṣù mẹ́fà sí i, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa béèrè ìdí.

Fáìlì kóòdù àkọ́kọ́ tí mo wá ṣí ò ní bọ́tìnnì kankan nínú. Ìtàn oníṣu ni mo kọ sí i bí ìdánwò: ojú 12, ₦500, ó kó owó, èsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦5,500. Mo ní kó ṣiṣẹ́. Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀, ìyẹn ni pé ìdánwò náà kùnà, torí kò tíì sí ohun tó máa dáhùn. Mo gbé káàdì tí Màmá fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú kìn-ín-ní.